Ibi tí a dúró sí, àti ohun tí kò dá wa lójú



Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ti ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ kọ́kọ́ ka Ìwé Jóbù, orí 38, àti Ìhìn Rere ti Lúùkù Mímọ́, orí 13, láti ẹsẹ 1 dé ẹsẹ 5. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá mọ ìwé kà, kí ó bẹ ọmọ ilé rẹ̀ kan kí ó kà á sí i létí.

Lẹ́yìn ìpàdé wa kan ní Aguidi, ọ̀kan nínú yín dúró dè mí ní ẹ̀yìn ilé ìsìn. Ó ní: «Katikísì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́ wa pé Ọlọ́run mọ ohun gbogbo, pé Òun ni ó sì ń tọ́jú ayé. Èé ṣe tí ayé fi dà bí òkùnkùn lójú tèmi? N kò mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀ sí àgbàdo tí mo gbìn. N kò mọ̀ bóyá ìyàwó mi tí ó lóyún yóò sọ̀ ní àlàáfíà. Ṣé bí mo bá ti gba ìrìbọmi tán, n ó wá máa mọ̀ ni?» Mo dá a lóhùn pé rárá, ìrìbọmi kì í sọ ènìyàn di aríran. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé, mo rí i pé ìdáhùn mi kò tó. Ọkùnrin náà kò béèrè bí yóò ṣe di aríran. Ohun tí ó ń béèrè ni ibi tí òkùnkùn náà wà: ṣé inú ayé tí Ọlọ́run dá ni, tàbí inú ojú tí a fi ń wò ó? Ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ yìí yóò gbìyànjú láti dáhùn.

Ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn

Àwọn tí ó ti dàgbà nínú yín yóò rántí ọjọ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006. Inú àwẹ̀ ogójì ọjọ́ ni a wà. Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í bu oòrùn jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan, nígbà tí yóò sì fi di nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ṣá, òjìji igi ti yí padà lórí ilẹ̀, atẹ́gùn sì tutù. Pobè ni mo wà ní ọjọ́ náà. Obìnrin kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Bàbá arúgbó kan ń sọ pé ayé ti dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fi awò dúdú tí a ṣe fún un sójú, ó ń wo ọ̀run, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo ti ka ìwé, tí mo sì mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, kí n má parọ́, àyà mi já díẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú ọ̀run fúnra rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kò sí ohunkóhun tí kò dáni lójú. Láti ọdún 2004 ni ilé iṣẹ́ NASA ti Amẹ́ríkà ti tẹ ìwé jáde, tí ó sọ ìṣẹ́jú tí òjìji òṣùpá yóò kan ìlú kọ̀ọ̀kan, láti ilẹ̀ Bràsíìlì kọjá òkun dé Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, títí dé ilẹ̀ Túrkì àti síwájú sí i. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ní Porto-Novo, bí a bá pín fífẹ̀ oòrùn sí ọ̀nà 1000, òṣùpá bo nǹkan bí 985 nínú rẹ̀. Tiwa ní Pobè kò jìnnà sí èyí. Ní Èkó, ó jẹ́ nǹkan bí 968. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní àárín ọ̀nà òjìji náà, níbi tí ó gbé ré ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà kọjá lókè lọ́hùn-ún, ọ̀sán dòru fún wọn pátápátá fún ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Oòrùn kan náà ni, òṣùpá kan náà ni, òwúrọ̀ kan náà ni. Ẹnì kan ní ilẹ̀ ṣú. Ẹnì kejì ní ilẹ̀ kàn ṣókùnkùn díẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó parọ́ nínú wọn. Ibi tí olúkúlùkù dúró sí ni ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìbẹ̀rù. Ìbẹ̀rù tí ó mú obìnrin tí ó ti ilẹ̀kùn kì í ṣe ti ọ̀run. Ti àgbàlá rẹ̀ ni, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì rẹ́rìn-ín rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín yẹn mọ ìṣẹ́jú tí òṣùpá yóò kúrò lójú oòrùn, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ju ìyá náà lọ nípa ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nínú ilé tirẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀pẹ bàbá mi

Ẹ jẹ́ kí n mú un sún mọ́ ilé. Gbogbo wa ni a mọ ọ̀pẹ. Láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè, ìran mélòó kan nínú àwọn bàbá wa sì ti rí ọ̀pẹ àṣàyàn tí ń so ẹyìn púpọ̀, tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí ẹran ara rẹ̀ nípọn. Bàbá mi rí irú ọ̀pẹ bẹ́ẹ̀ nínú oko ẹlòmíràn ní ọdún 1990. Wọ́n ṣa èkùrọ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbìn ín títí ó fi hù, wọ́n sì lọ́ 60 sínú oko. Ìrètí wọn ni pé bí ìyá ti rí ni ọmọ yóò rí.

Nígbà tí àkókò èso dé, 29 nínú ọ̀pẹ náà dára bí ìyá wọn. Mẹ́tàdínlógún so, ṣùgbọ́n èèpo èkùrọ́ wọn nípọn bí ti ọ̀pẹ inú igbó, epo wọn sì kéré. Mẹ́rìnlá tí ó kù ga, wọ́n lẹ́wà, ewé wọn tutù ju ti gbogbo ìyókù lọ, wọ́n sì ń yọ òdòdó. Ṣùgbọ́n odi ẹyìn wọn máa ń rà kí ó tó pọ́n. Ọdún kan kọjá, ọdún kejì kọjá, bákan náà ni. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà, ọwọ́ kan náà ni ó gbìn wọ́n. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ohun tí kò ní àlàyé kì í pẹ́ kí ó tó ní ẹni tí a ó dì í rù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan, opó tí kò ní ọmọ, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, máa ń gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá lọ sí odò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àwọn ni wọ́n ń jẹ oko náà lóru. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n a kò rán àwọn ọmọdé sí ilé wọn mọ́, a kì í sì í jẹ oúnjẹ wọn. Èmi náà jẹ́ ọmọdé nígbà náà. Mo ti gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé kí n má bàa pàdé wọn.

Ní ọdún 2007 ni òṣìṣẹ́ oko kan tí ó mọ iṣẹ́ ọ̀pẹ ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ọ̀pẹ tí èèpo rẹ̀ nípọn ni àwọn onímọ̀ ń pè ní dura. Èyí tí kò ní èèpo líle rárá ni pisifera, òun ni odi ẹyìn rẹ̀ sì sábà máa ń rà. Bí a bá mú àwọn méjèèjì pọ̀, gbogbo ọmọ wọn ni yóò jẹ́ tenera, ọ̀pẹ àṣàyàn tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́. Àwọn onímọ̀ méjì, Beirnaert àti Vanderweyen, ni wọ́n tẹ ẹ̀rí èyí jáde ní ọdún 1941 láti inú iṣẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Kóńgò. Ṣùgbọ́n bí tenera bá gba ìyẹ̀fun òdòdó tenera ẹgbẹ́ rẹ̀, nínú ọmọ 100, nǹkan bí 25 yóò padà di dura, nǹkan bí 50 yóò jẹ́ tenera, nǹkan bí 25 yóò sì di pisifera. Mo dákẹ́, mo ń ṣírò. Nínú 60, a ó retí 15, 30 àti 15. Bàbá mi ti rí 17, 29 àti 14.

Ẹ̀yin ará, oko náà kò ní àṣírí kankan láti ọjọ́ tí a ti ṣa èkùrọ́ rẹ̀. Ohun tí ó dà bí àdììtú lójú ẹni tí ó ní 60 ọ̀pẹ péré jẹ́ ohun tí a ń retí lójú ẹni tí ó ti ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mo lọ sọ fún bàbá mi. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n di iṣu márùn-ún àti àgé epo kan, wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn lọ sí ilé Ìyá Àgbà. Nígbà tí bàbá mi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, tí wọ́n tọrọ àforíjì, Ìyá Àgbà kò sunkún, wọn kò sì bínú. Wọ́n kàn ní: «Ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀. Èmi ṣáà mọ̀ pé n kò jẹ ọ̀pẹ ẹnikẹ́ni.»

Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ díẹ̀ ní sẹ́mínárì, mo sì ti ka ìwé ní èdè Faransé lórí ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó là mí lójú bí gbólóhùn yẹn. Nínú ọ̀ràn tí gbogbo agbo ilé wa kò ní ìdánilójú lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ẹnì kan wà láàárín wa tí ó dá lójú ní gbogbo ìgbà. A kò bi í.

Ohun tí ìmọ̀ kò mú kúrò

Ẹnì kan lè wí pé bí ìmọ̀ bá ṣáà ti pọ̀ tó, àìdánilójú yóò tán láyé. Laplace, onímọ̀ ilẹ̀ Faransé, kọ irú èrò bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ní ọdún 1814: pé bí ọgbọ́n kan bá wà tí ó mọ ibi tí ohun gbogbo wà àti agbára tí ń tì wọ́n, kò sí ohun tí kì yóò dá a lójú, ìbá à ṣe àná, ìbá à ṣe ọ̀la. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tí a kò lè mọ̀ lánàá máa ń di ohun tí a mọ̀ lónìí. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn ti rí jíìnì tí ó ń sọ bí èèpo èkùrọ́ yóò ti rí. Nípa bẹ́ẹ̀, a lè fi ewé ọ̀pẹ kékeré mọ irú èso tí yóò so. Ìbá ṣe pé bàbá mi ní irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1990!

Síbẹ̀, ní ọdún 1927, Heisenberg, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, fi hàn pé bí a bá dé ìdí àwọn ohun tí ó kéré jù lọ nínú ẹ̀dá, a kò lè mọ ibi tí wọ́n wà àti bí wọ́n ti ń lọ pọ̀ ní kíkún lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó ti wù kí ohun èlò wa dára tó. Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi kì í ṣe onímọ̀ físíìsì, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé mo lè parí ìjà wọn. Ohun tí ó kàn wá níbẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹ̀dá ń bẹ nínú ohun tí ó ń wò. Kò lè jáde síta ayé kí ó wá máa wo ayé láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó wà lókè ọ̀pẹ

Ní nǹkan bí ọdún 524, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Boethius wà nínú ẹ̀wọ̀n ní ilẹ̀ Ítálì, ó ń dúró de ikú. Kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò pa á. Níbẹ̀ ni ó ti kọ̀wé lórí ìbéèrè tí arákùnrin wa bi mí ní Aguidi: báwo ni Ọlọ́run ṣe mọ ohun tí kò tíì dé? Ó ní Ọlọ́run kì í wo iwájú bí a ti ń wò ó. Níwájú Rẹ̀, àná, òní àti ọ̀la wà pa pọ̀ bí òní kan ṣoṣo. Ẹni Mímọ́ Thomas ti Aquino, tí ó kú ní ọdún 1274, fi òwe ẹni tí ó ń rìn lójú ọ̀nà ṣàlàyé rẹ̀: ẹni tí ó ń rìn kì í rí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní ibi gíga rí gbogbo àwọn tí ó wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwa tí a mọ ọ̀pẹ gùn kò ṣe aláìmọ èyí. Ẹni tí ó wà lókè pẹ̀lú igbà rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ láti ọ̀nà Sakété kí àwa ìsàlẹ̀ tó gbọ́ ariwo rẹ̀. Rírí tí ó rí i kọ́ ni ó mú ọkọ̀ náà wá. Ẹ di èyí mú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú: wọn a ní bí Ọlọ́run bá ti mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé Ó ti ti ènìyàn sí i, kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣe mọ́. Awakọ̀ ni ó ń wakọ̀. Ó ṣì lè tẹ bíréèkì.

Ilé-ìṣọ́ Sílóámù

Ẹ padà sí Lúùkù orí 13 tí ẹ kà. Ilé-ìṣọ́ wó ní Sílóámù, ó pa ènìyàn 18. Àwọn tí ó gbọ́ ìròyìn náà kò sí lábẹ́ ilé tí ó wó. Ìta ni wọ́n dúró sí. Ó rọrùn fún ẹni tí ó dúró síta láti rò pé àwọn tí ó kú ti dẹ́ṣẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ. Jésù kọ èrò náà fún wọn pátápátá. Ó yí ọ̀rọ̀ padà sí àwọn tí ń gbọ́ Ọ, pé kí wọ́n ronú pìwà dà ní tiwọn.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóbù náà ṣe irú àṣìṣe yìí. Nígbà tí wọ́n jókòó tì í ní ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀, wọ́n ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni nǹkan bàjẹ́, nítorí wọ́n sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ibi tí Ọlọ́run dúró sí ni àwọn dúró sí. Nígbà tí Olúwa fúnra Rẹ̀ wá sọ̀rọ̀ láti inú ìjì, kò ṣàlàyé ìdí ìyà náà fún Jóbù. Ó bi í ní ibi tí ó wà nígbà tí a fi ìpìlẹ̀ ayé sọlẹ̀. Nígbà kan rí, mo máa ń ka ìbéèrè yẹn bí ìbáwí. Lónìí, mo ń kà á bí ẹni tí a fi ọwọ́ mú, tí a sì ń fi ibi tí ó dúró sí hàn án, kí ó má baà máa gbé ẹrù tí kì í ṣe ti ẹ̀dá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá lọ kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, ẹ ṣọ́ra fún gbólóhùn tí ó yá wa lẹ́nu jù lọ, pé «Ọlọ́run ló mọ ìdí rẹ̀.» Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ẹni tí ọmọ tirẹ̀ wà láàyè nílé, ó lè dún bí ẹni pé òun pẹ̀lú mọ̀ díẹ̀. Ẹ jókòó tì wọ́n ná. Ẹ pọn omi fún wọn.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí a kì í fẹ́ sọ ní gbangba. Ẹnu ọ̀nà babaláwo kò jìnnà sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa, n kò sì ní bú bàbá ẹnikẹ́ni. Àwọn baba wa fúnra wọn ni wọ́n pa á lówe pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Wọ́n mọ̀ pé ìdáhùn òní kì í tó fún ọ̀la. Ẹni tí ó lọ béèrè yóò padà lọ béèrè. Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní ọdún 1992, ní ìpínrọ̀ 2115 dé 2117, kọ́ wa pé Ọlọ́run lè fi ọjọ́ iwájú han àwọn wòlíì Rẹ̀, ṣùgbọ́n pé ohun tí ó yẹ Kristẹni ni kí ó fi ọ̀la lé ìtọ́jú Ọlọ́run lọ́wọ́, kí ó sì kọ àyẹ̀wò àti ìwoṣẹ́ sílẹ̀. Ìpínrọ̀ 2115 kan náà fi kún un pé ẹni tí kò múra sílẹ̀ de ohun tí ó lè rí tẹ́lẹ̀ lè jẹ̀bi. Apá kejì yìí ni a kì í sábà wàásù lé lórí.

Èyí ni mo wá padà sọ fún arákùnrin wa. Àgbàdo rẹ: lọ bi àwọn tí ń ka òjò nípa irú tí ó tètè ń gbó, má sì gbìn gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ìyàwó rẹ: bá a lọ sí ilé ìgbẹ̀bí fún àyẹ̀wò ní àkókò tí wọ́n dá fún un, kí o sì ti wá ẹni tí yóò gbé e bí ó bá di òru. Ohun tí o lè mọ̀, mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, apá kan yóò kù tí ìwọ kò ní lè mọ̀. Níbẹ̀ ni àdúrà wà. O kò ní fi í yọjú wo ọ̀la; wàá fi í bá Ẹni tí ó rí ọ láti òkè sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá ẹ̀rù kò ní bà á mọ́ báyìí. Mo ní yóò bà á. Ẹ̀rù ba Jésù pàápàá nínú ọgbà Getsemánì, ó sì sọ ọ́ fún Bàbá Rẹ̀.

Fún ìpàdé wa tí ń bọ̀

Kí olúkúlùkù ronú lórí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé rẹ̀, tí kò ní àlàyé, tí a sì di ru ẹnì kan. Ẹ má dárúkọ ẹni náà nínú ìpàdé. Ẹ bi ara yín léèrè pé: níbo ni mo dúró sí nígbà tí mo ń wo ọ̀ràn náà? Ta ni ó lè rí i láti ibòmíràn, tí n kò bi? Bí ẹni náà bá ṣì wà láàyè, ẹ lọ kí i kí ó tó di ọjọ́ ìpàdé. Ẹ mú Bíbélì yín wá. Ìhìn Rere ti Jòhánù Mímọ́, orí 9, ni a ó kà.